Jẹ́ Ká Kọ́kọ́ Kómọ Jáde Ná

Ìwọ tí ìyàwó rẹ wà nínú oyún, ìwọ tí ọmọ tuntun wà nílé rẹ lónìí, ìwọ ọkùnrin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Àwọn obìnrin ti gbọ́ díẹ̀ nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ní klíníìkì aboyún. Ìwọ kì í sí níbẹ̀. O máa ń já ìyàwó rẹ sílẹ̀ lẹ́nu géètì ni, kí o sì bá tìrẹ lọ.

Mo mọ ìdílé tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ sí. Mi ò ní dárúkọ wọn, torí wọ́n ṣì wà láàárín wa. Ìbàdàn ni wọ́n ń gbé. Kápẹ́ńtà lọkọ, aránṣọ ni ìyàwó. Oyún náà pẹ́ kó tó dé, nígbà tó sì dé, kò sí ẹni tí kò bá wọn gbàdúrà lé e nínú ìjọ.

Ọkùnrin yìí kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe ahun. Ó san owó ọsibítù kí oṣù ìbí tó pé. Gbogbo nǹkan tí wọ́n kọ sínú ìwé fún un ló rà, látorí ìbọ̀wọ́ dórí òwú àti páàdì. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tí ìyàwó rẹ̀ rọbí, orí bẹ́ǹṣì níta yàrá ìgbẹ̀bí ló jókòó sí láti àárọ̀. Bí obìnrin bá kígbe nínú yàrá, á dìde. Bí igbe náà bá dákẹ́, ẹ̀rù á tún bà á ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú lọ, igbe ọmọ ta. Nọ́ọ̀sì yọjú, ó ní, "Bàbá, ẹ kú oríire o, ọkùnrin ni. Ìyá náà wà dáadáa." Ọkùnrin náà kúnlẹ̀ sórí simẹ́ńtì níbẹ̀, ó ń sunkún. Bí ìwọ náà bá ti jókòó sórí irú bẹ́ǹṣì bẹ́ẹ̀ rí, o ò ní bi mí léèrè ìdí.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ní kí wọ́n máa lọ sílé. Nọ́ọ̀sì tó dá wọn sílẹ̀ sọ fún bàbá ọmọ pé, "Ẹ gbé e padà wá lọ́jọ́ kẹta, ká wo ojú rẹ̀ àti ara rẹ̀." Ó dáhùn pé, "A ti gbọ́, mà." Owó ọkọ̀ ló ń kà lọ́wọ́ nígbà tó ń dáhùn.

Ìyá rẹ̀ ti dé láti ìlú kí wọ́n tó délé, torí ta ni yóò wẹ ọmọ bí kò ṣe ìyá àgbà? Ó gbé àpótí kan dání. Aṣọ òtútù, fìlà kékeré, àti ṣọ́ọ̀lù funfun tí wọ́n fi gbé bàbá ọmọ fúnra rẹ̀ nígbà tó wà ní ìkókó, gbogbo rẹ̀ ni ìyá kó pamọ́ sínú rẹ̀ láti ọdún yìí wá. Kí aáyán má baà jẹ wọ́n, ó fi káńfọ̀ sí i, àwọn hóró funfun róbótó tí wọ́n ń tà lọ́jà, tí òórùn wọn máa ń ta sí imú. Bí wọ́n ṣe ṣí àpótí, òórùn yẹn gba gbogbo ilé. Inú ọkùnrin náà dùn sí i. Ó ní òórùn yàrá ìyá òun ni.

Ìyá wẹ ọmọ bí a ṣe ń wẹ̀ ẹ́. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti kàìnkàìn, ó nà án lápá, ó nà án lẹ́sẹ̀, ó jù ú sókè díẹ̀ kó má baà jẹ́ ojo. Ó fi àdí àgbọn pa á lára títí ó fi ń dán. Lẹ́yìn náà ló wọ aṣọ inú àpótí fún un, ó sì fi ṣọ́ọ̀lù wé e pinpin. Ìfẹ́ ni gbogbo rẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹta tí nọ́ọ̀sì dá, kò sẹ́ni tó gbé ọmọ náà níbì kankan. Bàbá ọmọ lọ san àsansílẹ̀ owó kánópì. Lọ́jọ́ kẹrin, àwọn tó wá kí wọn bẹ̀rẹ̀ sí í yin ọmọ náà. "Ẹ wo bó ṣe mọ́lára! Ó pupa bí ìyá àgbà." Gbogbo ilé ń rẹ́rìn-ín. Ìyá ọmọ nìkan ló rí i pé nígbà tí ọmọ lajú, ibi tó yẹ kó funfun nínú ẹyinjú rẹ̀ ti di yẹ́lò. Ó sọ fún ìyá ọkọ. Ìyá ní ibà pọ́njú ọmọ tuntun ni, oòrùn àárọ̀ ni wọ́n ń gbé e sí. Wọ́n gbé e sí oòrùn. Ẹni tó ń ta òògùn lójú ọ̀nà ní kí wọ́n máa fún un ní omi gúlúkóòsì. Wọ́n fún un. Aládùúgbò kan mú omi ewé ìbẹ́pẹ wá. Wọ́n tún fún un.

Ohun tó ń tan àwọn èèyàn jẹ níbí ni pé ọ̀pọ̀ ọmọ tuntun ni ara wọn máa ń di yẹ́lò díẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta, tí yóò sì lọ fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì. Torí náà gbogbo ìyá àgbà ló ní ọmọ kan tí oòrùn "wò sàn." Ọmọ yẹn ì bá sàn lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì pàápàá. Kì í kúkú ṣe irọ́ pé ìmọ́lẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Ní 1958, àwọn dókítà ọsibítù Rochford ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́ síwèé pé ìmọ́lẹ̀ ń dín yẹ́lò yìí kù lára ọmọ, lẹ́yìn tí nọ́ọ̀sì kan níbẹ̀ ti kíyè sí i pé àwọn ọmọ tí òun ń gbé síta sínú oòrùn ń mọ́ ju àwọn yòókù lọ. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe iná búlúù tó wà ní ọsibítù lónìí. Kódà àwọn dókítà kan ní Èkó lo oòrùn ilẹ̀ wa gan-an, ìwé wọn sì jáde ní 2015. Ṣùgbọ́n abẹ́ àtíbàbà onírọ́bà pàtàkì kan tó ń sé ìtànṣán tó léwu ni wọ́n tẹ́ àwọn ọmọ náà sí fún ọ̀pọ̀ wákàtí lójúmọ́, wọ́n ń wọn ìgbóná ara wọn, wọ́n sì ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lórí fàráńdà ní agogo méje, pẹ̀lú aṣọ lọ́rùn àti fìlà lórí, kò jọ ìyẹn rárá.

Alẹ́ ọjọ́ Àìkú ni ọ̀rọ̀ yìí bọ́ sọ́wọ́ bàbá ọmọ pátápátá. Rọra kà á, torí ibẹ̀ ni gbogbo nǹkan ti yí padà.

Láti ọ̀sán ọjọ́ náà, ọmọ kò jí mu ọyàn. Ọmú ìyá rẹ̀ ti kún, ó ń kán sí i láṣọ. Ó ta ọmọ náà ní àtẹ́lẹsẹ̀, ó fi omi tútù nù ún lójú. Ọmọ fà á lẹ́ẹ̀mejì, ó tún sùn lọ. Bí obìnrin náà ṣe gbé e sókè, apá ọmọ ń fì dirodiro. Ló bá gbé e lọ bá ọkọ rẹ̀ ní pálọ̀, níbi tí ọkọ ti ń kọ iye àga àti kúlà sínú ìwé.

"Dádì, ọmọ yìí ò mu ọyàn mọ́. Ẹ wo ara rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká gbé e lọ lálẹ́ yìí."

Ọkùnrin náà wo ọmọ rẹ̀. Gílóòbù yẹ́lò ló wà ní pálọ̀, irú èyí tó máa ń gbóná. Lábẹ́ irú iná bẹ́ẹ̀, ògiri yẹ́lò, bébà yẹ́lò, ọwọ́ ìwọ fúnra rẹ yóò di yẹ́lò. Kò rí nǹkan kan. Ó ní, "Ṣebí oorun ló ń sùn. Ọmọ tuntun a máa sùn."

Ìyàwó ní, "Ara rẹ̀ ti rọ̀ jù."

Ọkùnrin náà dákẹ́. Ó wo ìwé tó wà níwájú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá sọ ọ́: "Jẹ́ ká kọ́kọ́ kómọ jáde ná. Bí a bá débẹ̀ báyìí tí wọ́n dá yín dúró, ta la fẹ́ sọ lórúkọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun?"

Má sọ fún mi pé àìlówó ni. Owó wà. Inú àpò ìwé kan lórí tábìlì náà ló wà, owó alásè àti owó kánópì tó kù. Ọ̀nà kò jìn. Ọkọ̀ ń lọ, ọ̀kadà ń lọ. Ọkùnrin náà fẹ́ràn ọmọ rẹ̀ ju ohun gbogbo tó ní lọ. Ohun tó ń rò ni bàbá rẹ̀ tó ti múra láti wá láti abúlé, àwọn àgbà ìjọ tí wọ́n ti pè, àwọn ẹgbẹ́ tó ti ra aṣọ. Ta ni yóò pe gbogbo wọn lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, tí yóò ní kí wọ́n má wá mọ́? Kí ni wọ́n máa sọ? Ojú tì í fún ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀, ó sì fi nǹkan bí ọjọ́ méjì ọmọ rẹ̀ ra ojú ayé.

Ìyàwó gbé ọmọ padà sí yàrá. Kí ló fẹ́ ṣe? Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan tó bímọ, owó kò sí lọ́wọ́ rẹ̀, ìyá ọkọ wà nílé, ọkọ sì ti sọ̀rọ̀. Ìwọ ọkọ, ṣé o rí i? Nínú ilé wa, gbogbo èèyàn ló lè rí i pé ara ọmọ ò dá, ṣùgbọ́n ẹnu kan ṣoṣo ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó gbéra. Ẹnu rẹ ni. O lè máa pe ọ̀rọ̀ ìbímọ ní ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin. Àṣẹ àtilọ ọsibítù wà lọ́wọ́ rẹ síbẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n ń se oúnjẹ. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n kó ọmọ jáde. Oyin, iyọ̀, omi, obì, orógbó àti ataare wà lórí tábìlì. Nígbà tí wọ́n kan omi sí ètè ọmọ, kò lá ẹnu. Àwọn èèyàn ní ọmọ yìí mà ní sùúrù o.

Ní nǹkan bí agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́, tí àwọn àlejò ti ń tú ká, ọmọ náà ké. Igbe náà tín-ín-rín, ó ń han lọ sókè, kò jọ igbe ọmọ. Orí rẹ̀ fà sẹ́yìn, ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀ kọdọrọ bí ọrun. Ẹnì kan pariwo pé gìrì ni, ẹlòmíì sáré lọ wá àgbo. Nígbà yẹn ni bàbá ọmọ já ọmọ gbà, ó sì sáré bọ́ síta pẹ̀lú agbádá lọ́rùn.

Dókítà tó gbà wọ́n kò tíì fọwọ́ kan ọmọ náà nígbà tó gbé etí ṣọ́ọ̀lù sí imú. Ó bi wọ́n pé, "Ta ló fi káńfọ̀ sí aṣọ yìí?" Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ó ní kí wọ́n bọ́ gbogbo rẹ̀ kúrò lára ọmọ.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n ń fa ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà jáde díẹ̀díẹ̀ láti ojú ìwọ́ rẹ̀, wọ́n ń fi ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíì rọ́pò rẹ̀. Wọ́n bò ó lójú, wọ́n tẹ́ ẹ sábẹ́ iná búlúù. Bàbá ọmọ ló sá kiri wá ẹ̀jẹ̀. Owó inú àpò ìwé yẹn ti di ìrẹsì, àwọn èèyàn sì ti jẹ ẹ́ tán.

Jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà fún ọ, torí ó lè wà nílé rẹ. Nílẹ̀ Yorùbá, nínú ọmọkùnrin márùn-ún, ó tó ẹnì kan tí ohun kan tí wọ́n ń pè ní G6PD kò tó nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Kì í ṣe èpè, kì í ṣe àbùkù. Ọ̀dọ̀ ìyá ni ọmọkùnrin ti ń jogún rẹ̀, ara ìyá sì lè le koko láìmọ̀ pé ó wà lára òun. Ó tilẹ̀ ń dáàbò bo èèyàn díẹ̀ lọ́wọ́ ibà ẹ̀fọn. Ìdí nìyẹn tó fi pọ̀ láàárín wa. Ṣùgbọ́n bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá fa káńfọ̀ símú, tàbí tó bá gba awọ ara rẹ̀ wọlé, ẹ̀jẹ̀ pupa inú rẹ̀ á máa fọ́. Òróró tí wọ́n fi pa ara ọmọ a tún máa jẹ́ kí káńfọ̀ wọlé dáadáa. Láti inú ẹ̀jẹ̀ tó fọ́ ni nǹkan yẹ́lò náà ti ń jáde, bilirubin lorúkọ rẹ̀. Ẹ̀dọ̀ ọmọ tuntun kò tíì lágbára tó láti kó o dànù. Bó bá pọ̀ kọjá ààlà, á wọ inú ọpọlọ. Ibi tó bá bà jẹ́ níbẹ̀, iná búlúù kò lè tún un ṣe mọ́, ẹ̀jẹ̀ tuntun kò sì lè tún un ṣe.

Ọmọ náà kò kú. Nígbà tí wọ́n gbé e délé, wọ́n ṣọpẹ́. Oṣù mẹ́ta kọjá, ọrùn rẹ̀ kò gbé orí. Oṣù mẹ́jọ kọjá, kò jókòó. Lọ́jọ́ kan, ìkòkò irin já lulẹ̀ nítòsí rẹ̀, gbogbo ilé fò sókè, ọmọ kò ṣẹ́jú. Etí rẹ̀ ti lọ. Ó ti lé lọ́dún mẹ́rin báyìí. Ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ló ṣì wà, iṣẹ́ aránṣọ sì ti dúró. Bàbá rẹ̀ ló kan àga tó ń jókòó sí: pákó gíga lẹ́yìn, apá méjì tí wọ́n fi fóòmù wé níbi orí kó má baà ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́, okùn aláwọ fún àyà. Ó ti kan ìkẹta báyìí, torí ọmọ ń dàgbà. Mo ti rí àga náà. Iṣẹ́ dáadáa ni, kò sí ìṣó kan tó yọ orí.

Nísinsìnyí, ìwọ. Bí aṣọ ọmọ bá ti bá káńfọ̀ gbé inú àpótí kan náà, má wọ̀ ọ́ fún un, bí o tilẹ̀ fọ̀ ọ́, torí òórùn yẹn kì í tètè kúrò. Kó káńfọ̀ kúrò nínú yàrá pàápàá. Má jẹ́ kí wọ́n fi róòbù tàbí ìpara amára-tutù pa ọmọ tuntun lára. Ní ojoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ìwọ fúnra rẹ gbé ọmọ rẹ lọ sójú fèrèsé lọ́sàn-án, kì í ṣe sábẹ́ gílóòbù. Fi ìka tẹ imú rẹ̀, kí o sì jẹ́ kó lọ. Wo àwọ̀ tó wà níbẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ tó padà. Wo funfun ojú rẹ̀ àti èrìgì rẹ̀. Ojú ni yẹ́lò ti ń bẹ̀rẹ̀, á máa sọ̀ kalẹ̀ wá sáyà, sí ikùn, títí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Bó bá yọ ní wákàtí mẹ́rìnlélógún àkọ́kọ́, má dúró gba àṣẹ ẹnikẹ́ni, gbéra. Bó bá ti kọjá àyà, gbéra. Bí ọmọ kò bá mu ọyàn dáadáa, bó bá ń sùn jù, bí igbe rẹ̀ bá yí padà, gbéra lóru. Tí nọ́ọ̀sì bá sì dá ọjọ́ fún ọ, kọ ọ́ sára ògiri.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á bi mí léèrè ìyá àgbà. Ìyá kò mọ̀, kò sì sẹ́ni tó sọ fún un rí. Òun ló ń dìde nínú ìjọ wọn lábúlé báyìí bí obìnrin kan bá bímọ, tó ń béèrè níwájú gbogbo èèyàn pé aṣọ wo ni wọ́n fẹ́ wọ̀ fún un.

Tọkọtaya náà tún bí ọkùnrin mìíràn lọ́dún tó kọjá. Lọ́tẹ̀ yìí, bàbá tẹ̀ lé ìyàwó lọ sí klíníìkì, ó jókòó láàárín àwọn aboyún, wọ́n ń fi í ṣẹ̀rín. Lọ́jọ́ tí wọ́n bí ọmọ ló ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. G6PD kò tó nínú tirẹ̀ náà. Kò sí káńfọ̀ nílé, síbẹ̀ lọ́jọ́ kẹta, níwájú fèrèsé, ó rí yẹ́lò ní imú ọmọ àti láyà rẹ̀. Kò dúró gbọ́ èrò ẹnikẹ́ni. Òru mẹ́ta ni ọmọ náà lò lábẹ́ iná búlúù, ọ̀rọ̀ náà kò sì dé ibi tí wọ́n á fi pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Láti orí bẹ́ǹṣì ọsibítù ló ti pe bàbá rẹ̀ lábúlé pé ìkómọ kò ní bọ́ sí ọjọ́ kẹjọ mọ́. Ó ti múra sílẹ̀ fún ìbínú. Bàbá àgbà ní, "Ọmọ ọ̀hún ń sá lọ ni? Ẹ pè mí tára rẹ̀ bá yá."

Ọjọ́ kejìlá ni wọ́n kó o jáde, nínú pálọ̀, láìsí kánópì. Ọmọ náà fi igbe dí gbogbo àdúrà lọ́wọ́, ọyàn ló ń béèrè.